Ìpèlé ni àbí ìbora?

Agbádá àti bùbá ọkùnrin ni mò ń rán láti ọdún 2004, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Obìnrin ni mí. Nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́, ọ̀gá tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ bá sọ fún màmá mi pé aṣọ obìnrin lobìnrin ń rán, pé apá mi ò ní ká agbádá. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti wá kọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé, nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ó yẹ kí ojú mi ti là ju bó ṣe là lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ pínǹkì olódòdó àti ìpèlé tí mo rán fún ọkùnrin kan ni. Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi ti bi mí títí bó ṣe jẹ́, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sì ń ròyìn rẹ̀ jù. Mo máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣẹ oníbàárà mi.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni. Olùkọ́ ni oníbàárà náà ní ilé ìwé girama kan, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, torí pé aládìrẹ ni ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń ra ọjà tà lásán, òun gan-an ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa aró. Ọmọ náà gbé ọ̀rá lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fa aṣọ inú rẹ̀ yọ, mo sì dá ẹ̀rọ dúró.

Aṣọ náà pọ́n bí inú gúrọ́fà tó ti gbó. Òdòdó yẹ́lò wà káàkiri ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé aró méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ gbogbo aṣọ sínú aró yẹ́lò, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n gé bí òdòdó bọ ìda gbígbóná, wọ́n á máa fi tẹ aṣọ náà níbi gbogbo. Ibi tí ìda bá bò, aró kejì ò ní lè débẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rẹ ẹ́ sínú pínǹkì, wọ́n á sì fi omi híhó yọ ìda náà kúrò. Yẹ́lò tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí pínǹkì yẹn tàn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tí mo ti gé láti ọjọ́ tí mo ti ń gé aṣọ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ kí n fọ ọwọ́ mi kí n tó fi kàn án.

Yáàdì mẹ́wàá ni. Ìyá rẹ̀ máa pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù Kọkànlá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aṣọ ọjọ́ ìbí náà. Ẹbí ti yan aṣọ ẹbí: léèsì fún àwọn obìnrin, gínì funfun pẹ̀lú fìlà gíríìnì fún àwọn ọkùnrin. Ọmọ yìí ní òun ò ní wọ funfun. Yáàdì márùn-ún ni ti ìyá òun fún ìró àti bùbá, márùn-ún tó kù ni tòun. Ó fẹ́ bùbá tó dé orúnkún, kí apá rẹ̀ fẹ̀, kí n fi òwú yẹ́lò ya òdòdó yí ọrùn rẹ̀ ká títí dé àyà, kí n rán ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ọn, kí n sì fi yáàdì kan àbọ̀ sílẹ̀ fún èjìká, kí n ṣe wajawaja sí etí rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ṣé ìpèlé nìyẹn?”

Ó ní, “Ẹ pè é bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Bí Màmá mi bá ṣe fi tiwọn sí èjìká ni mo fẹ́ fi tèmi síbẹ̀.”

Mi ò bi í léèrè ìdí, òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Tó bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ló máa ń jókòó sí ṣiṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Èékánná rẹ̀ dúdú bí ẹtù débi pé àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é ní ọmọ aláró, ó sì máa ń fi ọwọ́ pamọ́ sápò. Ó ní, “Aṣọ ló rán mi níwèé, Àǹtí. Mo ti fi ọwọ́ mi pamọ́ tó.” Mo gba ìwọ̀n rẹ̀, mo gba àsansílẹ̀ owó, ó lọ.

Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé. Oníbàárà gidi ni bàbá yìí. Agbádá mẹ́rin ló ń rán lọ́dọ̀ mi lọ́dún, ó sì ti mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá. Kò jókòó. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ pé ọmọ wa gbé aṣọ kan wá. Rán an bí aṣọ ọkùnrin. Yọ òdòdó ọrùn yẹn, má sì jẹ́ kí n rí ìpèlé léjìká ọmọ àbúrò mi lójú àwọn èèyàn. Àbí ó fẹ́ di obìnrin ni?” Èmi dá a lóhùn pé, “Mo ti gbọ́, sà.”

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí mo ti jẹ̀bi. Mo fi òwú eléérú ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí ọrùn bùbá náà dípò òdòdó. Mo gé yáàdì kan àbọ̀ ìpèlé, mo fi rán fìlà àti àpò méjì. Mo dín apá rẹ̀ kù. Mi ò pe ọmọ náà, mi ò sì ránṣẹ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé mò ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sín ni. Ní tòótọ́, ẹ̀rù agbádá mẹ́rin ọdọọdún yẹn ló bà mí.

Nígbà tó wá gbà á wò, ó fi ìka kan tọ ọrùn bùbá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tẹ ọwọ́ bọ àpò méjèèjì, ó fà á jáde. Kò pariwo. Ó bi mí pé, “Àǹtí, ta ló ni aṣọ yìí?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ títí, ó ká aṣọ náà ní ìká mẹ́rin, ó bi mí pé èló ló kù, ó san án pé, ó sì fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Owó yẹn ò ṣeé fi sápò. Inú dúrọ́ọ̀ ni mo fi í sí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé aṣọ náà lọ bẹ ìyá rẹ̀. Àgbàlá ibi tí wọ́n ti ń pa aró ni mo bá a, òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá ọmọ náà wo ọrùn bùbá, kò sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ló ní kí n jókòó. Ó ní, “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Ó ní kí ọmọ kan lọ gbé àpótí òun wá, ó sì fa àkísà kan jáde níbẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró rẹ̀ ṣì dúdú, òpó gbọ̀ngàn Mápó tò sára rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe ọnà yẹn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya á, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí wọ́n fi pàkí sè.

Ó ní, “Yáàdì méjì àbọ̀, ọ̀nà méjì, a ó rán an pọ̀, ó di ìró. Aṣọ obìnrin ni àdìrẹ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ọkùnrin wo ló ń ró o? Kàm̀pálà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ mi wọ̀ wá bá ọ, àbí òun kọ́?”

Òun ni lóòótọ́. Kàm̀pálà búlúù àti pọ́pù, èmi ni mo rán an. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló yí mi lọ́kàn padà. Nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1960 ni àdìrẹ aláwọ̀ mèremère, èyí tí wọ́n ń fi ìda àti aró òyìnbó ṣe, gbòde, tí wọ́n sì ń pè é ní kàm̀pálà. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdìrẹ rán bùbá àti dàńṣíkí dáadáa. Bàbá tó ní ọmọ fẹ́ di obìnrin yìí ti dáyé kí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ tó kúrò ní aṣọ obìnrin. Ìyá Àgbà tún sọ ìtàn tí ìyá tiẹ̀ sọ fún un, pé ní ọdún 1936 àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta bá Aláké Adémọ́lá Kejì fà á gidigidi, torí pé wọ́n fẹ́ ká wọn lọ́wọ́ kò lórí sódà àti aró òyìnbó. Àwọ̀ tí a óò fi sí aṣọ kò tíì fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré nílùú yìí.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ó ní, “O ti wọ pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ mi rí. Kí ló wà léjìká bàbá wọn nínú fọ́tò?”

Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Mo ti gba ìwọ̀n bàbá náà nínú pálọ̀ yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Fọ́tò ńlá kan wà lókè tẹlifísàn: bàbá wọn jókòó sórí àga, aṣọ òkè gbọọrọ kan wà léjìká rẹ̀ òsì, ó gba abẹ́ apá ọ̀tún kọjá, ó wálẹ̀ dé ẹsẹ̀, wajawaja sì wà ní etí rẹ̀. Ìbora ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà ọkùnrin máa ń da aṣọ borí bùbá tí wọ́n bá ń lọ ìpàdé. Ibi tí ìpèlé obìnrin ń wà náà ni ti ọkùnrin wà, orúkọ ni kò jọra. Èmi tí mò ń fi aṣọ jẹun wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rí i.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn nǹkan mìíràn tí mo ti rí. Àlàárì, ọ̀kan nínú aṣọ òkè tó níyì jù, pupa ni, ọkùnrin olóyè ló sì ń fi ṣe agbádá. Kò sí ẹni tó sọ pé pupa ti pọ̀ jù fún un. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó lè fọwọ́ gbé iná, máa ń di irun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n sì ń pè é. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí màmá mi sí, ibẹ̀ ni mo ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkùnrin ló ń gbé e, ṣùgbọ́n gèlè àti ọ̀já tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyá àti ìyàwó wọn ni wọ́n fi ń múra, pẹ̀lú ọmú onígi àti ìdí ràbàtà, láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ojú tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá ayé ní ọdún 2008, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Síbẹ̀, mi ò ní fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbèjà ọmọ yìí. Ìsìn ni ìyẹn, tí ijó bá tán, wọ́n á dá gèlè padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tí ọmọ yìí ń béèrè ni kí òun lè gbé tòun rìn lọ́sàn-án gangan, lórúkọ ara rẹ̀, láìsí agọ̀ lórí. Ìyẹn ṣòro ju ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ.

Mo lọ bá a nílé, mo sì tọrọ àforíjì. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí, àwọn aṣọ Orange Culture tí Adebayo Oke-Lawal dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2011: ọkùnrin nínú aṣọ pínǹkì, nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nínú òdòdó. Ọdún 2014, aṣọ náà wà lára àwọn tí wọ́n ṣà láti du ẹ̀bùn LVMH, ẹ̀bùn àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá àrà sí aṣọ, ní Paris, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ẹ̀bùn náà. Ó ní, “Àǹtí, àwọn ọmọ Èkó ń ṣe é, wọ́n ń pè é ní tuntun. Lójú tèmi, ti ilé wa ni.” Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Títú iṣẹ́ ṣòro ju rírán rẹ̀ lọ. Òru mẹ́ta ni mo fi réésà tú òwú eléérú náà, ìkan ìkan, torí pé tí ojú réésà bá yẹ̀ báyìí, aṣọ ya. Ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òwú jáde. Mo da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sórí rẹ̀, mo fi èékánná ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ojú aṣọ fi padé. Òdòdó tí mo yà bo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Òwú yẹ́lò mẹ́ta tí wọn ò dọ́gba ni mo lò, èyí tó dúdú jù wà láàárín. Fún ìpèlé, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo ti gé e. Ìyá rẹ̀ tún pa yáàdì kan àbọ̀ mìíràn. Aró kì í jọ aró. Tuntun yìí pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i. Mo bínú sí ara mi nítorí ìyẹn títí di òní.

Mi ò fẹ́ kí bàbá náà kàn bá a pàdé lóde. Mo lọ sọ fún un fúnra mi. Abẹ́ fọ́tò yẹn ló jókòó sí.

“Bàbá, mo ti rán aṣọ náà bí ẹni tó ni ín ṣe fẹ́. Òdòdó wà níbẹ̀, ti èjìká náà wà níbẹ̀. Kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni mo ṣe wá.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í pé kí la ń pe èyí tó wà léjìká Bàbá nínú fọ́tò. Kò bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó ní, “Ìbora ni. Bàbá mi ò sì fi òdòdó sí tiwọn.”

Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé òdòdó yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ aya àbúrò rẹ̀ ni, pé òun ló fi tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ kú. Ó ní kí n máa lọ, pé òun máa rán ọmọ kan wá gba agbádá tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá ni ayẹyẹ náà. Wọ́n pè mí, mo lọ. Nígbà tí ìyá àti ọmọ wọlé pọ̀, gbogbo àwọn ọkùnrin ẹbí wà nínú funfun, àwọn méjèèjì nìkan ló pọ́n láàárín gbọ̀ngàn. Onílù ń pe Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí. Mo gbọ́ ọkùnrin kan lẹ́yìn mi tó ní, “Ìyàwó tuntun rèé o,” tábìlì yẹn sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́ ọ, mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe le. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó gbé ìpèlé tó fẹ́ máa yọ̀ lórí èjìká rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbá ọmọ sùn, wọ́n ń jó lọ. Apá bùbá náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́, apá fífẹ̀ tí mo fẹ́ bà jẹ́ yẹn.

Nígbà tó di fọ́tò, ayàwòrán ní kí àwọn funfun tò sápá kan, kí àwọn léèsì tò sápá kejì. Ó wo ọmọ náà, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ̀gbẹ́ mi ni kó dúró sí. Aṣọ kan náà la wọ̀.” Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti bọ́ síta kí wọ́n tó ya á.

Ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, wọ́n ti sọ fún un pé kó má wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ tó kù ń wọ àdìrẹ. Ó gbà, torí iṣẹ́ ni. Ọjọ́ Ìsinmi ló ń wọ̀ ọ́. Bàbá náà kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan nínú ọ̀rẹ́ mẹ́ta rẹ̀ náà ti lọ. Àwọn mìíràn wá. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan fẹ́ àwọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má fi òdòdó sí i, mi ò sì fi sí i. Ọmọbìnrin kan fẹ́ kí n rán agbádá fún òun, agbádá pípé, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú fún obìnrin, èyí tí yóò máa ká sí èjìká. Mo rán an.

Ohun kan ni mo yí padà nínú iṣẹ́ mi. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà gan-an ni mò ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe bí èmi ṣe gbọ́ ọ, òun náà á sì buwọ́ lù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé kí n yí aṣọ ẹlòmíì padà, bàbá rẹ̀ ni o, ìyàwó rẹ̀ ni o, ẹni tó ni aṣọ ni mo máa pè lójú rẹ̀. Mo ti bẹ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kí wọ́n mú un bẹ́ẹ̀.

Owó tó san lọ́jọ́ ọjọ́sí, mo dá a padà, ó kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹta tó tẹ̀lé e, ó gbé aṣọ náà wá. Wajawaja etí ìpèlé ti ń tú, torí pé ó ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Pínǹkì méjèèjì ti ṣá díẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n sì ti ń jọra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo so wajawaja náà ní kókó méjì méjì, kó má bàa tún tú. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo gbà.